Àmì Kan Lábẹ́ Lẹ́tà

"Àwọn atẹ̀wé yìí fẹ́ pa mí ni o!"

Ìyá Ògiri ju pẹ́ńsùlù sórí tábìlì. Pẹ́ńsùlù yí gbirigbiri, ó já bọ́, ó wọ abẹ́ àga lọ. Kò tilẹ̀ wo ibi tó gbà. Ojú rẹ̀ wà lára ìbéèrè kan tí ẹnìkan fi yíǹkì búlúù kọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, ìbéèrè tí kò ju ìlà méjì lọ: *Ẹ jọ̀ọ́ mà, ní ìlà kẹrin, ṣé "o" ni tàbí "ọ"? Tó bá jẹ́ "o", àtẹ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e kò bá fọ́múlà yìí mu.*

"Ó ń bi mí bóyá o ni tàbí ọ," ó ní fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń da omi gbígbóná sí ife tíì. "Èmi! Ọdún méjìdínlógójì tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ yìí mọ ògiri káàkiri ayé, ọmọ àná kan wá ń bi mí bóyá mo mọ lẹ́tà tí mo kọ."

"Ẹ sáà dá a lóhùn, Mọ́mì." Apòògùn ni ọmọ náà, ó sì ní sùúrù àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ ka oògùn lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí nítorí ìyá rẹ̀. "Ẹ kọ ọ, kí ẹ fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, ó parí."

"Kò parí. Àwọn ló jẹ́ kí àmì náà bọ́, wọ́n wá fẹ́ dì í rù mí. Mo máa fi han gbogbo wọn."

Ìyá Ògiri ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ìwádìí átọ́mù ń pè é. Kì í ṣe torí pé ó le bí ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, ká má purọ́, àwọn kan wà tí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ògiri ló fi ayé rẹ̀ ṣe. Bí ẹ̀rọ átọ́mù bá ń ṣiṣẹ́, àwọn wóró kéékèèké tí ojú kò lè rí máa ń tú jáde láti inú rẹ̀. Wọn kì í bèèrè ọ̀nà, wọn kì í kan ilẹ̀kùn, ara èèyàn tí wọ́n bá sì gbà kọjá kì í bọ̀ sípò bọ̀rọ̀. Kọnkéré la fi ń dá wọn dúró. Báwo ni kọnkéré náà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, kí òṣìṣẹ́ tó wà lódì kejì lè ṣiṣẹ́ tirẹ̀ kó sì relé bá ọmọ rẹ̀ láìsí aburú? Ìbéèrè tó fi èwe àti àgbà dáhùn nìyẹn. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí. Tábìlì, bébà àti pẹ́ńsùlù ni tirẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tó kọ, iṣẹ́ kan ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ojú ìwé mọ́kànlá péré ni, pẹ̀lú àtẹ nọ́ńbà kan lẹ́yìn rẹ̀, ìlà mẹ́rìndínlógójì, òpó méjìlá. Àwọn ẹnjiníà kì í ka ojú ìwé mọ́kànlá náà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kà á, tí wọ́n rí i pé ìlà kan wọ́, wọ́n á ní iṣẹ́ ọwọ́ atẹ̀wé ni. Àtẹ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á wo irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní, wọ́n á fi ìka tọ ìlà náà lọ sápá ọ̀tún, wọ́n á rí bí ògiri wọn ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Àtẹ Ìyá Ògiri ni wọ́n ń pè é, ó sì wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn níbi tí àwọn mìíràn ń gbé kàlẹ́ńdà kọ́.

Ní báyìí tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ilé ìtẹ̀wé kan ń kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, ìwé ńlá, ẹlẹ́yìn líle. Olóòtú ti sọ ọ́ fún un láì fi epo bọyọ̀: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni àwọn máa ti iṣẹ́ náà pa. Ohunkóhun tí kò bá dé kó tó di ìgbà náà, bó ṣe wà ni wọ́n á ṣe tẹ̀ ẹ́. Tí Ìyá Ògiri fúnra rẹ̀ bá sì ní kí wọ́n dá a dúró, ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló kàn lórí ẹ̀rọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Dókítà sì ti bá a sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Kò sọ pé kò ní rí ọdún tó ń bọ̀ o. Ó kàn ní kó má sún ohun tó bá fẹ́ ṣe síwájú, ó wá ń wo fèrèsé. Ìyá Ògiri mọ ìṣirò, ó yé e. Ó fẹ́ gbé ìwé yẹn lọ́wọ́, kó ṣí i, kó gbóòórùn rẹ̀ kó tó lọ. Kò sí ohun mìíràn tó tún ń dù láyé.

Àpótí irin tó ń kó bébà àtijọ́ sí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó lè sọ pé "ẹ rọra." Fáìlì náà ṣì wà, okùn rẹ̀ ti gbó. Ohun tó kọ́kọ́ yọ ni ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó ṣí i sí ìlà kẹrin.

O ni.

Ó yọ awò ojú, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún wò ó. O rọ̀bọ̀tọ̀, kò sí àmì kankan lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ atẹ̀wé kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kò le, ẹ jẹ́ ká là á. "O" ló fi dúró fún àwọn wóró tó dé ara ògiri, "ọ" ló fi dúró fún èyí tó ṣẹ́kù bí wọ́n ṣe ń wọ inú lọ. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan ló dé. Ìpele kọnkéré àkọ́kọ́ mú ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Ìpele kejì náà mú ìdá kan nínú mẹ́wàá, àmọ́ nínú ohun tó ṣẹ́kù ni, àádọ́rùn-ún ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ, èyí tó ṣẹ́kù ń dín, ó ń dín, kò sì tán bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ògiri fi ní láti nípọn. Ṣùgbọ́n bí àmì abẹ́ yẹn bá bọ́, tí ọ di o, ọgọ́rùn-ún gbáko ni ìpele kọ̀ọ̀kan á máa mú láìyẹ̀. Ìpele mẹ́wàá péré, gbogbo rẹ̀ ti tán. Fọ́múlà á ní kí ẹnjiníà mọ ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí òṣìṣẹ́ sì lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

"Àṣé èmi ni," Ìyá Ògiri ní. Ilẹ̀ ló ṣì wà. "Èmi ni mo ṣì í."

"Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe, Mọ́mì."

"Àtẹ ńkọ́? Àtẹ pé. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀yìn ògiri wọ̀nyẹn láìmọye ìgbà, nọ́ńbà àtẹ ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Báwo ni fọ́múlà tó wọ́ ṣe bí àtẹ tó tọ́?"

Bébà kejì ló dá a lóhùn. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yàrá ìṣirò ni, níbi tí àwọn akọ̀wé ti máa ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ ìṣirò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ o ti ìlà kẹrin, ẹnìkan ti fi yíǹkì pupa to àmì kan, kékeré báyìí, bí orí abẹ́rẹ́. Ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ bébà náà pé: *Mo fi àmì sí i, mà. Ẹ bá mi wò ó bóyá mo ṣe é re.*

Ìkẹta ni èyí tí kò rántí pé òun fi pamọ́. Ẹ̀dà kábọ̀n ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí ọ̀gá àgbà ni. *Akọ̀wé yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún iṣẹ́ tí kò yé e. N kò lè fi iṣẹ́ mi síkàáwọ́ ẹni tó ń tún iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kọ. Ẹ gbé e kúrò ní yàrá ìṣirò.*

Ó wá rántí. Ọmọ tó ń da tíì yìí ṣì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta nígbà náà, oorun kò sí lójú òun, ọjọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ náà ti fẹ́ pé. Wọ́n gbé bébà wá, ó rí pupa lára iṣẹ́ rẹ̀, inú sì bí i. Ta ló ní kó fọwọ́ kan án? Kò wo ohun tí àmì náà jẹ́. Ó ju bébà náà sínú fáìlì, ó fi ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà, ó wá lẹ àtẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí àtẹ mọ́ tónítóní, kò sí pupa níbẹ̀. Ó kọ àmì sílẹ̀, ó gba àtẹ.

"Ta ni akọ̀wé yẹn?" ọmọ rẹ̀ bèèrè. Ó ti ka bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè èjìká rẹ̀.

"Sísí Ẹ̀rọ."

"Sísí Ẹ̀rọ wo? Èyí tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi? Tó ń gbé ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́?" Ó gbé ife sílẹ̀. "Mọ́mì, ìyá yẹn kì í ka oògùn o. Èmi ló máa ń ní kí n kà á fóun, lẹ́ẹ̀mẹta, kí n tún kọ iye rẹ̀ sára ike. Mo rò pé kò mọ̀wé ni."

"Kò mọ̀wé kẹ̀! Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹ̀rọ tó ń yí lọ."

Ọmọ náà bá a wá pẹ́ńsùlù lábẹ́ àga. Ìyá Ògiri dìde, ó jókòó, ó fi àmì sí abẹ́ o lójú ìwé àwọn atẹ̀wé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo rẹ̀ ti tọ́ báyìí. Bí wọ́n bá gbé e lọ bó ṣe wà, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó máa mọ ohunkóhun, ìwé á jáde, á gbé e lọ́wọ́. Bó ṣe rọrùn tó yẹn gan-an ló wá ń dà á láàmú. Ojú tì í, níbi tó jókòó sí, lójú ọmọ tó bí.

"Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí àtẹ yẹn pẹ̀lú tèmi," ó ní. "Mo fẹ́ sọ fún un fúnra mi kí aago mẹ́rin tó lù. Lọ gbé mọ́tò jáde."

Ó pa fáìlì dé. Ó mú ojú ìwé àwọn atẹ̀wé pẹ̀lú àtẹ tó tẹ̀ lé e, ó mú bébà alámì pupa yẹn. Ìwé kábọ̀n, ó dá a padà sí ìsàlẹ̀ àpótí pátápátá, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgà.

Nínú mọ́tò, ọmọ rẹ̀ ní, "Ṣé ẹ máa sọ ti ìwé yẹn fún un?"

"Ìwé wo?"

"Mọ́mì."

"Ohun tó máa dùn mọ́ ọn ni mo fẹ́ bá a sọ. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Wo iwájú rẹ, o kì í wo iwájú tó o bá ń wa mọ́tò."

Àtẹ̀gùn méjìdínlógún ló dé yàrá Sísí Ẹ̀rọ. Ìyá Ògiri kà wọ́n bó ṣe ń gùn wọ́n, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ní kí ọmọ rẹ̀ dúró ti mọ́tò, kò fẹ́ ẹlẹ́rìí. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, irun rẹ̀ funfun báláú, ó gbé aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Ó wò, ó kígbe.

"Yéè! Ìyá Ògiri! Ẹ̀yin fúnra yín, lórí àtẹ̀gùn mi!" Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ẹ má dá mi lóhùn, ẹ kọ́kọ́ mí ná. Ẹ̀ bá ti ránṣẹ́ pè mí, ṣebí èmi lọmọdé."

"Ọmọdé tó ti ní ọmọ-ọmọ."

"Mẹ́fà, mà. Wọ́n ní kí n yéé jẹ́ Sísí, pé ojú ń ti àwọn. Mo ní kí wọ́n lọ bá àwọn tó sọ mí bẹ́ẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Yàrá náà kò tóbi: bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ dáadáa, àga méjì, rédíò, tábìlì kékeré kan lẹ́bàá fèrèsé. Ìyá Ògiri kò jẹ́ kí omi tó gbé fún un balẹ̀ tó fi tẹ́ bébà sórí tábìlì. Ó fi ìka tọ́ka sí àmì pupa náà. Ó ní èyí tọ́. Ó ní èmi ni mo ṣì í, ìwọ lo tún un ṣe, gbogbo ògiri tí wọ́n ti mọ láti ìgbà yẹn, orí àmì tìrẹ ni wọ́n dúró lé. Ó ní ìwé ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sókè àtẹ pé àwa méjèèjì la ṣe é.

Sísí Ẹ̀rọ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ rí i?" ó ní, jẹ́jẹ́. "Ẹ padà rí i?"

"Òní ni mo tó rí i. Báwo lo ṣe mọ̀ nígbà náà?"

"Mo yí ẹ̀rọ dé ìpele kẹwàá, ó ní òdo. Mo ní kò burú. Mo yí ti ìkọkànlá, ó ní ó tún ti dín kọjá òdo. Mo wá ń rò ó pé, nǹkan tí kò sí mọ́, kí ló tún kù tó ń dín lára rẹ̀? Mo ní ó jọ pé ẹ kánjú ni, àmì ló bọ́."

Gbogbo ẹ̀kọ́ Ìyá Ògiri, gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó wà nínú férémù, kò sí èyí tó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó máa ń pa òwe yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó fa pẹ́ńsùlù yọ. "Sọ bó o ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ fún mi."

"Rárá, mà. Ẹ má kọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ tiyín." Sísí Ẹ̀rọ ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu tábìlì tí kò ní ìdọ̀tí kankan. "Nítorí ti nọ́ńbà yẹn."

"Nọ́ńbà wo?"

"Èyí tí mo ṣì." Ó gbójú sókè. "Mi ò mọ èyí tó jẹ́, mà. Irinwó ó lé méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi kúrò lọ sí sítọ́ọ̀, mo bi ọ̀gá àgbà pé kí ni mo ṣe. Wọ́n ní kí n lọ bi iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo wá mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ni mo ṣì, tí àtẹ sì ti lọ, tí wọ́n ń bò ó nítorí tiyín. Mo gbìyànjú kí n tún wọn ṣírò nínú orí mi, níbi tí mo ti ń to ọṣẹ àti gílóòbù. Mi ò rí i. Fèrèsé sítọ́ọ̀ kọjú sí gbọ̀ngàn ẹ̀rọ, ẹ rántí? Àràárọ̀ ni mò ń wo àwọn ọkùnrin yẹn bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ sẹ́yìn ògiri. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tí ọ̀kan bá kú, màá lọ bèèrè pé kí ló ṣe é, ọmọ ọdún mélòó ni. Mẹ́rìndínlógún ni mo kà sí ọrùn ara mi. Láti ìgbà náà mi ò ka nǹkan mọ́, mà, oògùn tí mò ń lò gan-an, ọmọ yín ló ń bá mi kà á."



"Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń yọjú sí mi ní sítọ́ọ̀ yẹn," Sísí Ẹ̀rọ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ á ní, 'Sísí, ṣé dáadáa ni?' Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ìyá yẹn mọ̀ pé mo ṣì í o, àmọ́ wọn ò dójú tì mí rí."

Pẹ́ńsùlù ló máa ń lọ gbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń lọ gba pẹ́ńsùlù, á sì kí ẹni tó bá bá níbẹ̀, nítorí ilé re ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kò rántí ìwé tó kọ, kò rántí pé ẹnìkan wà ní sítọ́ọ̀ nítorí rẹ̀.

"Kò sí nọ́ńbà tó o ṣì," ó ní. "Kò sí ẹyọ kan. Gbogbo wọn ló pé."

"Ẹ má tàn mí, mà."

"Mi ò tàn ọ́. Wọ́n ti wọ̀n wọ́n. Kò sẹ́ni tó kú nítorí rẹ."

Sísí Ẹ̀rọ dúró gbagidi. Ìyá Ògiri rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí i lára díẹ̀díẹ̀. Ó lè dìde báyìí. Ó lè ní ẹnìkan ló purọ́ mọ́ ọ, ọ̀gá àgbà ti kú, kò lè jà. Ìbéèrè tó kàn ti wà lẹ́nu obìnrin náà, ó ń bọ̀.

"Kí ni wọ́n wá torí rẹ̀ gbé mi kúrò?"

"Èmi ni. Èmi ni mo kọ̀wé. Mo ní akọ̀wé yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún iṣẹ́ tí kò yé e. Mo ní n kò lè fi iṣẹ́ mi síkàáwọ́ ẹni tó ń tún iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kọ. Mo ní kí wọ́n gbé ọ kúrò."

"Nítorí àmì yìí?"

"Nítorí àmì náà. Mi ò wò ó. Mo rí pupa, inú bí mi."

Sísí Ẹ̀rọ yí padà sí fèrèsé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ládùn, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójú kan náà.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mà! Ọmọ mi á gbé iṣẹ́ ìṣirò wálé, màá ní kó lọ bá bàbá rẹ̀. Bàbá tí kò lè ro ẹ̀jọ mọ́ ẹ̀fà! Èmi! Èmi tí mo máa ń mọ ìdáhùn kí ẹ̀rọ tó yí dé ibẹ̀!" Ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú. "Ẹ sì ń kí mi. Ẹ ń wá, ẹ ń kí mi!"

Ìyá Ògiri ti ń bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀.

"Ẹ dìde!" Sísí Ẹ̀rọ fò, ó gbá a mú lápá. "Ẹ fẹ́ ṣépè fún mi ni? Àgbà bíi tiyín kì í kúnlẹ̀ fún mi. Mi ò tíì dárí jì yín o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ ṣáà dìde."

Ó gbé e padà sórí àga, ó gbé omi fún un, ó dúró tì í títí tó fi mu ún. Àwọn méjèèjì ń mí bí ẹni tó sáré wá. Sísí Ẹ̀rọ wá fa àga kejì, ó jókòó kọjú sí i.

"Ẹ ní gbogbo ẹ̀ ló pé."

"Gbogbo ẹ̀."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dá yín lójú nígbà yẹn náà."

Ìyá Ògiri wo aago ara ògiri. Ó ti ń lọ sí mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago mẹ́rin ni wọ́n sì máa ti ìwé tó ń dù láti oṣù méjì sẹ́yìn pa.

"Ẹ gbé àtẹ yẹn wá," Sísí Ẹ̀rọ ní. "Mo fẹ́ ṣe é fúnra mi. Láti ìlà kìn-ín-ní."

Ó wá bébà, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá. Ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ Ìyá Ògiri. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ gba àkókò gan-an. Ètè rẹ̀ ń mì, ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tó dé ìdáhùn, ó fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

"Ẹ pe ti ibẹ̀."

Ìyá Ògiri pè é.

Sísí Ẹ̀rọ ṣí ọwọ́ kúrò. Ó wò ó pẹ́. "Ó pé," ó ní, ó sì sín imú. Ó bọ́ sórí ìkejì. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìlà kẹta, kò pa nǹkan rẹ́ mọ́. Ní ìlà karùn-ún, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń lu etí tábìlì, títí, títí, bí ẹni tó ń yí nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ó sì ti ń sọ pé "ó pé" kí Ìyá Ògiri tó pè é tán. Ìyá Ògiri ń fi ìka tọ àtẹ náà lọ. Gbogbo ayé rẹ̀, àwọn mìíràn ló ń pe nọ́ńbà fún un, òun ló ń sọ pé ó pé tàbí kò pé. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń pè é máa ń dúró, kí àyà rẹ̀ máa já, títí tí ẹni kejì á fi sọ̀rọ̀.

Fóònù dún nínú báàgì rẹ̀. Olóòtú ni.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Aago mẹ́rin ti lù, a ò tíì rí nǹkan kan gbà. Ká tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ dá a dúró."

"Mà, a ti jọ sọ ọ́. Tá a bá dá a dúró, ó di ọdún tó ń bọ̀ o."

"Mo gbọ́."

"Ó dáa, ìgbà wo lẹ rò pé ẹ máa parí rẹ̀?"

Ìyá Ògiri wo iwájú. Sísí Ẹ̀rọ ti gbé pẹ́ńsùlù dúró, ó fajú ro, ó ń wò ó bí ọ̀gá tí wọ́n ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ó ní sínú fóònù. "Kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe é."

Ó pa á, ó jù ú sínú báàgì. Ó wá ibi tí ìka rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ lórí àtẹ, kò rí i.

"Ìlà kẹsàn-án, òpó keje," Sísí Ẹ̀rọ ní. "Ẹ pè é sókè dáadáa, mà. Etí mi kì í ṣe ti ìgbà yẹn mọ́."

Ìyá Ògiri tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sì pè é sókè.